OKUN TI DE ILE MAMA

Ẹ̀yin bàbá mi tí mo fẹ́ràn,

Òjò ti ń rọ̀ ní Jọ́ọ̀sì láti ìjẹta. Kì í ṣe òjò tó ń pariwo, òjò wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ tí ẹ kórìíra ni, èyí tí ẹ máa ń sọ pé ó ń rọ̀ bí ẹni tó ń ráhùn. Agolo mílíìkì tí ẹ fi ń wọn omi òjò ṣì wà lórí òkúta nínú àgbàlá wa ní Nasarawa Gwong. Mo yọjú sí i láàárọ̀ yìí, mo ti rúlà bọ inú rẹ̀ bí ẹ ṣe máa ń ṣe, mo sì kọ iye rẹ̀ sínú ìwé yín. Mi ò mọ ẹni tí mo ń kọ ọ́ fún. Ọ́fíìsì omi tí ẹ ti fẹ̀yìn tì kò béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ yín nígbà tí ẹ wà láàyè, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ ti ìsinsìnyí.

Màmá wà nínú yàrá kejì. Nígbàkigbà tí òjò bá le díẹ̀ lórí páànù, wọ́n á dìde, wọ́n á ṣílẹ̀kùn, wọ́n á wo ilẹ̀ àgbàlá bóyá omi ti ń gòkè. Mo ti sọ ọ́ sọ ọ́ pé orí òkè ni a wà, pé òkun kankan ò lè gun òkè Jọ́ọ̀sì. Wọ́n á ní àwọn ti gbọ́. Tó bá ṣe díẹ̀ wọ́n á tún dìde. Ara mi kì í balẹ̀ tí wọ́n bá ń ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí mo mọ ohun tí wọn ò mọ̀. Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo ti fi pamọ́ fún wọn láti ọdún tó kọjá, Bàbá, mo sì gbọ́dọ̀ sọ ọ́ fún wọn lónìí. Ẹ̀rù ń bà mí gan-an. Mo ní kí n kọ́kọ́ sọ ọ́ fún yín ná, bóyá ẹnu mi á yá.

Ọ̀rọ̀ okùn ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ṣé ẹ rántí okùn ọdọọdún yín? Bí òjò bá ti ń múra àtiwọlé, ẹ ó lọ bá Màlámù tó ń ta okùn àlòkù lẹ́yìn ọjà, irú èyí tí àwọn tó ń wa kùsà fi ń fa ẹrù wọn, ẹ ó sì yan èyí tó nípọn jù. Ẹ ó fà á, ẹ ó tú orí rẹ̀ wò, ẹ ó gbé e símú. Màlámù á máa rẹ́rìn-ín pé láti ìgbà tí òun ti ń ta okùn, òun ò rí oníbàárà mìíràn tó ń gbóòórùn rẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ ó ká a, ẹ ó sì wá awakọ̀ lọ́rì tó ń sọ̀kalẹ̀ lọ sí gúúsù, kó bá yín gbé e dé Igbókòdá fún Ayọ̀délé, ọmọ àbúrò yín, tó ní ṣọ́ọ̀bù níbẹ̀. Ayọ̀délé ni yóò fi ọkọ̀ ojú omi gbé e dé abúlé wa létí òkun. Okùn Jọ́ọ̀sì ni wọ́n fi ń so ọkọ̀ mọ́lẹ̀ níbẹ̀, òun náà ni wọ́n fi ń de òpó ilé nítorí ìgbì. Ẹ ní iyọ̀ òkun kì í tètè jẹ ẹ́.

Bí okùn bá ti dé, Ayọ̀délé á tẹ wáyà sí wa, ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré, torí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń gba owó lé: OKUN TI DE. Ẹ ó kà á sókè fún gbogbo ilé bí ẹni pé ọmọ ni wọ́n bí sílé. Ọdọọdún ni. Mo gbọ́ ọ títí ó fi wọ̀ mí lára.

Ẹ máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yẹn náà. Èmi tí ẹ bí sí Jọ́ọ̀sì, igiya ni mo ń pe okùn bíi ti àwọn ọmọ Hausa tí a jọ ń ṣeré. Ní ọjọ́ kan ẹ mú ṣọ́ọ̀kì, ẹ kọ OKUN sára ilẹ̀kùn, ẹ ní kí n kà á. Mo kà á bó ṣe wá sí mi lẹ́nu. Ẹ ní ó ku méjì. Ẹ ní òkun ni wọ́n bí yín sí, okùn ni ẹ fi ń so ọkọ̀, okun ni kò sì sí lára yín mọ́ láti máa kọ́ Gàmbàrí kékeré tí ẹ bí lọ́mọ ní Yorùbá. Mo rẹ́rìn-ín débi pé mo ṣubú lórí ẹní. Tí mo bá rántí rẹ̀ báyìí, inú mi kì í dùn sí ẹ̀rín yẹn.

Ní gbogbo ọdún tí ẹ lò lórí òkè yìí, ọkàn yín kò kúrò létí omi. Ọjọ́ tí omi inú agolo bá ga ju àtàǹpàkò yín lọ, ẹ ó jáde lọ wo òṣùpá. Mo bi yín léèrè lẹ́ẹ̀kan, ẹ sì ṣàlàyé rẹ̀ fún mi pẹ̀lú abọ́ omi méjì. Ẹ ní òjò nìkan kò lè lé wa kúrò nílé, òkun nìkan kò sì lè lé wa. Àbàtà àti odò kéékèèké ló wà lẹ́yìn abúlé wa. Gbogbo òjò tó bá rọ̀ lókè, ibẹ̀ ló ń wọ́ sí, á sì rọra wá ọ̀nà wọ inú òkun nígbà tí òkun bá fà sẹ́yìn. Àmọ́ bí òṣùpá bá kún, tí atẹ́gùn sì ń ti òkun bọ̀, òkun á gòkè wá dúró lẹ́nu odò, kò ní jẹ́ kí omi òjò jáde. Òjò ò sì ní tìtorí ìyẹn dá. Nígbà náà ni abúlé á wà láàárín bí ẹni tí wọ́n ti ilẹ̀kùn iwájú àti ti ẹ̀yìn mọ́. Ẹ ní ọjọ́ tí àwọn méjèèjì bá pàdé ni ká bẹ̀rù.

Ẹ kú ní àárín ọyẹ́, nínú yàrá tí mo wà yìí. Ọjọ́ méjì gbáko ni a fi gbé yín lọ sílé. Wọ́n sin yín síwájú ilé bí wọ́n ṣe ń ṣe fún àgbà, ẹsẹ̀ yín kọjú sí òkun, Ayọ̀délé sì fi igi kọ orúkọ yín sára sìmẹ́ǹtì kó tó gbẹ. Bí a ṣe parí ìnáwó, mo bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù Màmá, wọ́n ní kí n tú u. Wọ́n ní ibi tí ọkọ àwọn bá wà ni àwọn wà. Nígbà náà, òkun ṣì jìnnà, a máa ń rin àárín igi àgbọn títí kí ẹsẹ̀ tó kan yanrìn. Nígbà tó fi máa di ọdún kejì, ìlà àgbọn àkọ́kọ́ ti wó. Ní ọdún kẹta, tí mo bá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ sàréè yín, mo ń gbọ́ òkun bí ẹni tó ń mí sí mi lọ́rùn.

Mo bínú sí Màmá gan-an ní ọdún yẹn, ẹ jẹ́ kí n má purọ́. Mo ní òkú kì í rì sómi, alààyè ló ń rì. Wọ́n ní àwọn ò ní fi yín sílẹ̀ kí òkun wá bá ẹ̀yin nìkan. Ọ̀rọ̀ náà fẹ́ di ìjà kí Ayọ̀délé tó dá sí i. Ibi tí a parí rẹ̀ sí rèé: ọjọ́ tí òkun bá fi lè dé ẹsẹ̀ ilé, Ayọ̀délé á tẹ wáyà sí mi lọ́jọ́ náà gan-an, èmi á sì gbéra lọ́jọ́ tó bá tẹ̀ mí lọ́wọ́. A ó kọ́kọ́ hú egungun yín lọ sí itẹ́ ìsìnkú ṣọ́ọ̀ṣì ní Igbókòdá, Màmá á sì tẹ̀lé yín. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wọn ò ní kúrò. Ayọ̀délé ní láti ọjọ́ tí òkun bá dé ẹsẹ̀ ilé, ó lè tó ọ̀sẹ̀ kan kí òkun àti òjò tó pàdé, pé tí mo bá tètè dé, a ó bá yín níbẹ̀. Èmi fúnra mi ni mo sọ fún un pé kó má wulẹ̀ kọ ọ̀rọ̀ rẹpẹtẹ, kó ṣáà sọ fún mi pé ó ti dé, màá mọ ohun tí màá ṣe.

Màá mọ ohun tí màá ṣe. Ẹ gbọ́ ẹnu mi.

Lọ́dún tó kọjá, òjò tètè dé, ó sì wúwo. Mo ra okùn lọ́wọ́ Màlámù bí ẹ ṣe ń rà á, mo gbé e fún Alábi, ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń fi lọ́rì kó kábéèjì àti kárọ́ọ̀tì lọ sí gúúsù. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, wọ́n mú wáyà wá bá mi ní ilé-ìwé tí mo ti ń kọ́ni ní Jenta Adamu. Iṣẹ́ ìṣirò àwọn ọmọ ni mo ń máàkì, báírò pupa wà lọ́wọ́ mi. Mo ya á, mo rí i: OKUN TI DE ILE MAMA.

Mo rẹ́rìn-ín músẹ́. Ọjọ́ kẹsàn-án, mo ní Alábi gbìyànjú. Mo tún yin Ayọ̀délé nínú ara mi pé lọ́tẹ̀ yìí kò fi okùn sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, ó gbé e dé ilé Màmá tààrà, ìdí nìyẹn tó fi fi ọ̀rọ̀ méjì kún un. Bàbá, mo wá ìdí fún un! Mo jókòó, mo ronú, mo sì ronú gba ibi tí kò yẹ. Mo ká wáyà sínú àpò, mo padà sórí ìṣirò àwọn ọmọ, mo fi báírò pupa fa igi sórí ohun tí wọ́n ṣì.

Nígbà tí mo délé, mo sọ fún Ìyá Ládì, aládùúgbò wa, pé ẹrù tí mo fi ránṣẹ́ sí ìyá mi ti dé. Ó ní madalla, ó bá mi dúpẹ́. Ọjọ́ kejì, yìnyín bọ́ ní Jọ́ọ̀sì, òjò tẹ̀lé e. Ọjọ́ kẹta, omi inú agolo ga ju àtàǹpàkò lọ. Mo jáde lọ wo òṣùpá bíi tiyín, mo rí i pé ó ti ń kún. Ṣé ẹ mọ ohun tí ó wá sí mi lọ́kàn? Mo ní ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run tí okùn fi tètè dé, wọ́n á ti fi de òpó ilé báyìí. Mo wọlé, mo sùn, oorun sì gbé mi lọ.

Ọjọ́ kẹfà ni Alábi kan ilẹ̀kùn wa ní ìrọ̀lẹ́. Òjò ti pa á, okùn náà sì wà léjìká rẹ̀.

Ó ní, “Ìyá Títí, ẹ dákun ẹ má bínú. Akwanga ni ẹ́ńjìnnì kú sí. Ọkọ̀ mìíràn ló gbé kábéèjì lọ, okùn yín ò lọ o.”

Mo wo okùn, mo wo ojú rẹ̀. Mo fẹ́ sọ fún un pé irọ́ ni, okùn ti dé, mo ní ìwé rẹ̀ lọ́wọ́. Ibi tí mo ti ń la ẹnu ni nǹkan ti já nínú mi. Bí kò bá ṣe okùn ló dé, kí ló dé? Alábi ní mo jókòó sílẹ̀ nínú omi ẹnu ọ̀nà, èmi ò rántí. Ohun tí mo rántí ni pé mo ń sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lẹ́nu bí ọmọ tí wọ́n ń kọ́ ní ìwé, mo ń gbé ohùn rẹ̀ sókè, mo ń gbé e sísàlẹ̀, Alábi sì rò pé orí mi ti dàrú.

Mo fi Títí ọmọ mi sọ́dọ̀ Ìyá Ládì, mo wọ ọkọ̀ ní ìdájí ọjọ́ kejì. Òjò ń bá wa lọ láti Jọ́ọ̀sì títí kan Lọ́kọ́jà. Awakọ̀ ń dúró jẹun, èmi ń bínú sí gbogbo ẹni tó bá bu oúnjẹ sẹ́nu. Mo ń ka ọjọ́ lórí ìka mi: ọjọ́ tí wáyà dé, ọjọ́ tí mo sùn, ọjọ́ tí mo tún sùn. Mo bẹ̀ yín nínú ọkọ̀ yẹn pé kí ẹ bá mi di Màmá mú. Ṣé ẹ gbọ́? Nígbà tí a kọjá Ọ̀rẹ̀, àwọn èrò kan wọlé tí wọ́n ń sọ pé omi ti gba àwọn abúlé etí òkun, mi ò sì lè bi wọ́n pé èwo ni.

Ayọ̀délé wà níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ nígbà tí mo dé Igbókòdá. Irùngbọ̀n ti kún un lójú. Kò kí mi.

Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ọjọ́ wo ni wáyà tó yín lọ́wọ́?”

Mo ní, “Ìjẹta.”

Bí mo ṣe sọ ọ́ nìyẹn. Kò sẹ́ni tó fi ọ̀bẹ sí mi lọ́rùn. Ó pòṣé, ó bú àwọn elétí dídi tó ń tẹ wáyà, mo dúró níwájú rẹ̀ mo ń gbọ́ ọ. Lẹ́yìn náà ló sọ fún mi pé Màmá wà láàyè. Mo dì mọ́ òpó ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, mo sunkún.

Ohun tó sọ fún mi ni mo ń sọ fún yín yìí. Ọjọ́ tí òkun dé ẹsẹ̀ ilé ló tẹ wáyà. Láti ọjọ́ kejì ni ó ti ń gbé ọkọ̀ lọ bẹ Màmá. Wọn ò gbà. Wọ́n ní ọmọ àwọn ń bọ̀, àwọn ti ránṣẹ́ sí i. Wọ́n gbé àga síwájú ilé lẹ́gbẹ̀ẹ́ sàréè yín, wọ́n jókòó. Nígbà tí omi ń wọ bàtà wọn, wọ́n bọ́ bàtà. Ọjọ́ mẹ́rin ni ó fi lọ tó fi bọ̀. Ní ọjọ́ karùn-ún, òjò bẹ̀rẹ̀ láti àfẹ̀mọ́júmọ́, òkun sì gòkè wá dúró lẹ́nu odò bí ẹ ṣe sọ, kò jẹ́ kí omi jáde. Nígbà tó di ọ̀sán, omi àbàtà gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, òkun gba iwájú wọlé, wọ́n pàdé nínú yàrá yín. Orí tábìlì ni Ayọ̀délé bá Màmá, wọ́n di férémù ilẹ̀kùn mú. Ó ní òun fi agbára já ọwọ́ wọn ni. Bí ọkọ̀ ṣe ń yí padà, sìmẹ́ǹtì yín là sí méjì, ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ sì yọ́ lọ. Kò pariwo, ó ní bí iyọ̀ ṣe ń yọ́ ni.

Mo bá Màmá lórí ẹní nínú yàrá ìkàwé ṣọ́ọ̀ṣì, láàárín àwọn mìíràn tí omi lé wá. Wọ́n ń wúkọ́. Wọ́n wò mí pẹ́. Mo ń retí èébú, mo tilẹ̀ fẹ́ ẹ. “O dé,” ni wọ́n sọ, wọ́n sì sún kí n lè rí àyè jókòó.

Ọjọ́ kejì mo ní kí Ayọ̀délé gbé mi lọ. Omi ni mo rí. Orí igi àgbọn méjì yọ jáde, okùn ọdún tó ṣáájú sì so mọ́ ọ̀kan nínú wọn. Mi ò mọ ibi tí màá wò kí n tó pe orúkọ yín.

Ọdún kan nìyẹn. Màmá wà lọ́dọ̀ mi, ikọ́ náà kò sì lọ tán. Gbogbo ẹni tó bá wá kí wọn ni wọ́n ń sọ fún pé bí kì í bá ṣe àwọn tó ń tẹ wáyà, ọmọ àwọn ì bá ti dé. Ìbá dára tó bá jẹ́ pé mo kàn ń dákẹ́. Mo ń bá Màmá bú wọn, Bàbá. Mo mọ bí a ṣe ń sọ ọ́ kó dùn, mo tilẹ̀ ń sọ ọ́ ní Hausa fún Ìyá Ládì, òun tí mo fúnra mi sọ fún pé ẹrù ti dé. Ìyá Ládì á wò mí, á sì wo ilẹ̀. Obìnrin náà ní ọ̀wọ̀ jù mí lọ.

Wáyà náà wà lábẹ́ ìwé òjò yín, pẹ̀lú òǹtẹ̀ ọjọ́ lára. Màmá ò mọ̀wé, mo fi ìyẹn ṣe odi. Lánàá, Títí ń wá pẹ́ńsù, ó fà á yọ. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, Hausa lẹ́nu láti àárọ̀ di alẹ́, bíi tèmi náà. Ó kà á sókè lójú mi: òkun ti dé ilé Màmá. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló wò ó. Ó ní, “Mọ́mì, ṣé èyí tí ẹ ní wọ́n pẹ́ mú wá náà nìyí?” Màmá wà ní ilé ìdáná, wọn ò gbọ́. Mo ní kó gbé e padà síbẹ̀, kó má sọ fún ẹnikẹ́ni, mo sì rí ojú tí ọmọ mi fi wò mí. Nítorí ojú yẹn ni mo ṣe ń kọ̀wé yìí.

Mo ń gbọ́ tí Màmá ń dìde. Mò ń lọ.

Mo ti dé, Bàbá.

Mo bá wọn níbi tí wọ́n ti ń ṣa òkúta inú ìrẹsì. Mo gbé wáyà lé etí atẹ, mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀. Mo sọ ọjọ́ tó dé, mo sọ okùn, mo sọ irọ́ tí mo pa fún Ayọ̀délé. Mo ní èmi ni mo jẹ́ kí wọ́n jókòó sínú omi fún ọjọ́ mẹ́rin, èmi ni mo jẹ́ kí òkun gbé yín lọ. Wọ́n ń ṣa òkúta lọ. Nígbà tí mo parí, wọ́n ní kí n ka ìwé náà fún àwọn bó ṣe yẹ kí n kà á lọ́jọ́ náà. Mo kà á. Wọ́n ní ohun tí àwọn ní kí Ayọ̀délé kọ gan-an nìyẹn.

Òjò ń rọ̀, wọn ò sì dìde lọ wò ó.

“Dìde nílẹ̀,” ni wọ́n wí. “Ta ló sọ fún ọ pé ìwọ ni mo ń dúró dè?”

Wọ́n ní nígbà tí àìsàn yín le, ẹ pe àwọn sẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì, nínú yàrá yìí náà, nígbà tí mo wà ní ilé-ìwé. Ẹ ní ọdún tí ẹ lò lórí òkè ti tó. Ẹ ní kí wọ́n má gbé yín lọ sí ilẹ̀ gbígbẹ, kí wọ́n sin yín síwájú ilé, pé òkun mọ ọ̀nà, yóò wá mú yín fúnra rẹ̀. Wọ́n ní àwọn gbà kí á hú yín nítorí pé mo lágídí, àwọn ò sì fẹ́ ìjà. Wáyà tí àwọn ní kí Ayọ̀délé tẹ̀, wọ́n ní ó yẹ kí ọmọ mọ̀ pé bàbá òun ń lọ ni.

Wọ́n ní, “Mò ń sìn ín sọ́nà ni.”

Mo fetí sí ohùn wọn lọ́tẹ̀ yìí. Sìn ni wọ́n wí, wọn kò wí pé sin. Wọ́n gbé atẹ ìrẹsì, wọ́n lọ gbé omi kaná.

Mo wá jókòó síbí, mo ń rò ó. Bí wọn ò bá dúró dè mí, kí ló dé tí wọ́n ń sọ fún Ayọ̀délé pé ọmọ àwọn ń bọ̀? Kí ló dé tí wọ́n fi odindi ọdún kan bú àwọn tó ń tẹ wáyà? Ẹ mọ ìyàwó yín. Ẹ mọ̀ pé tí mo bá fọ́ àwo ní kékeré, wọ́n á ní àwọn ni àwọn fọ́ ọ kí ẹ má baà nà mí. Ẹ̀yin méjì péré lẹ wà nínú yàrá lọ́jọ́ náà, kò sẹ́lòmíràn tí mo lè bi.

Bàbá, ṣé ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn? Bó bá jẹ́ pé ẹ sọ ọ́, ẹ wá sọ fún mi lójú oorun, ẹ fi ohùn yín sọ ọ́ kó yé mi. Bó bá sì jẹ́ pé ẹ kò sọ ọ́, mo bẹ̀ yín, ẹ má wá.

Èmi tí ẹ bí sórí òkè, tí mo ṣì ń fetí sílẹ̀,
Ọmọ yín.